Má Fi Ikùn Mi Ṣe Ẹ̀rí

Gbé báàgì yẹn sílẹ̀! Mo ní kí o gbé e sílẹ̀, má kí mi, má bi mí bóyá mo sùn dáadáa, n kò sùn, ta ló máa sùn nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí báyìí báyìí, tó ní, "Mà, àbúrò yín tó wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin lókè ti fi bírò pa ìlà kan rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀, dókítà sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú tọ̀la"? Háà! Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé lánàá yìí náà lo ń yí gbiri lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá ẹ yọ àpò òróòro náà kí wọ́n jù ú sí ààtàn, ìwọ náà lo wọ bàtà, o wọ ṣẹ́ẹ̀tì, o gbé báàgì kọ́ èjìká, o ní o kàn ní kí o wá dágbére? Dágbére fún ta ni?

Jókòó. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, àbí o fẹ́ jókòó lé rọ́bà tó ń fa omi jáde lára mi ni? Orí àga. Ẹ̀hẹ́n. Ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí ojú mi ti máa tó o. Ìwé tuntun ni nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kò tíì sẹ́ni tó fi bírò bà á jẹ́. Dókítà ṣì wà ní wọ́ọ̀dù tó kàn, wọ́n ń wo àwọn èèyàn wọn, tí wọ́n bá fi lè kúrò níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti parí ètò ọ̀la nìyẹn. Nítorí náà má wo aago. Èmi ni kí o wò.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. O rò pé n kò tíì rí i, àbí? Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ló pè mí láàárọ̀, wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rí ikùn rẹ." Mo ní ikùn wo, mà? Wọ́n ní èyí tó wà nínú gúrúùpù ẹbí. Yéè! Mo ṣí gúrúùpù, mo rí ara mi gbalaja, mo sùn, mo la ẹnu sílẹ̀, aṣọ ilé ìwòsàn ká sókè, ojú ọgbẹ́ wà níta tòun ti òwú tí wọ́n fi rán an, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tó ti já létí, èmi aránṣọ, èmi tí mò ń rán ti gbogbo ayé! O wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ihò mẹ́rin ni wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa gbà yọ àpò òróòro rẹ̀ o. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra." Ẹ ṣọ́ra kẹ̀! Èmi ló yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún, kí n ṣọ́ra fún ìwọ!

Èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nínú gúrúùpù yẹn. Bàbá ọkọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Àna mi! Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń tì mí débi pé n kì í jẹun níwájú rẹ̀, òun ló jókòó sílé rẹ̀ tó ń wo ìdodo mi. Ṣé o mọ ohun tó fi fèsì? Àtàǹpàkò! Ó na àtàǹpàkò sókè sí ikùn mi. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ó dára ni? Ó wù ú ni? Kí n tún ṣe òmíràn ni?

Kíá, gbogbo wọn ti di dókítà. Ìbátan wa kan tó ń ta táyà sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ihò kékeré, ó ní wọ́n kàn fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra ni, tí oorun bá ti gbé ẹ lọ tán, ọ̀bẹ ló kù. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ihò ló dára, lílà ló ń pa èèyàn, ó ní òun mọ ẹnì kan. Ta ni ẹni náà? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Níbo ló ń gbé? Kò mọ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni wọ́n ti ń jà lórí ikùn mi, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó bi mí pé, "Ìwọ tí o ni ikùn, kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

Ìwọ gan-an kò bi mí! Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, o wọlé, o rí i pé mo ń sùn, o ká aṣọ mi sókè, o ya fọ́tò, o bá tìẹ lọ. Ọjọ́ Àìkú lo padà wá bẹ̀ mí wò, ibi tí o dúró sí yìí náà lo ti di ìhà mú, tí o wó lulẹ̀, tí èmi tí n kò lè dìde ń fi ìgò omi lu irin bẹ́ẹ̀dì kí àwọn nọ́ọ̀sì lè wá gbé ẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òkúta wà nínú àpò òróòro tìẹ náà, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Wọ́n fún ẹ ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fún ẹ ní ìwé. Ìwọ wá rántí fọ́tò! O gbé ikùn mi síta kí o lè fi ṣe ẹ̀rí pé o kò lẹ́bi bí o bá sá lọ.

Má sì rò pé mò ń gbèjà wọn o. Inú ń bí mi! Ihò mẹ́rin la jọ sọ. Dókítà kúkurú yẹn, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ tó bá jókòó, ó ya ikùn sórí bébà fún mi, ọ̀kan nínú ìdodo, mẹ́ta ní apá òkè, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju ihò bọ́tìnnì kóòtù lọ. Wọ́n ní kámẹ́rà máa gba ibí wọlé, ọwọ́ irin máa gba ibí, àwọn á máa wo inú mi lórí tẹlifíṣàn, àwọn á gé àpò náà, àwọn á fà á gba ìdodo jáde, ó tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo pe gbogbo oníbàárà mi, mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ màá ti wà nídìí maṣíìnì.

Mo jí, mo na ọwọ́ sísàlẹ̀ kí n lọ ka ihò mi. Mo kan ọ̀kan. Mo ń wá ìkejì, ọwọ́ mi kan báńdéèjì, mo tẹ̀ lé báńdéèjì náà, kò tán, mo tún tẹ̀ lé e, kò tán. Mo wọ̀n ọ́n. Má bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi ni, ìka ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó tó ínṣì mẹ́jọ! Zíìpù ṣòkòtò tìẹ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ni mo bá figbe ta, mo ní, "Olè! Ẹ dá ihò mi padà fún mi!" Nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣèyọnu, ó ní oorun abẹ́rẹ́ ló ṣì wà lójú mi. Oorun kọ́, ìbínú ni!

Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo yìí ńkọ́? Tíṣà kan ló wà níbẹ̀. Àìsàn kan náà, dókítà kan náà, ọjọ́ kan náà, òun ló tiẹ̀ ṣáájú mi wọlé. Tirẹ̀ gba ihò. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó wẹ̀, ó kun àtíkè, ó wọ bàtà onígìgísẹ̀, ó ń dún kò-kò-kò gba iwájú mi kọjá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá Aránṣọ, ẹ̀yin náà á tó lọ sílé." Èmi tí n kò lè wúkọ́ láìgbá pílò mọ́ ikùn! Mo kórìíra tíṣà yẹn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàdúrà pé kí gìgísẹ̀ bàtà yẹn kán kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò kán.

Nítorí náà má wá kọ́ mi ní ìbínú, mo ti gboyè nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ èmi àti ìwọ ni pé èmi bi wọ́n. Ọjọ́ Àìkú náà, kí o tó wá ṣubú, dókítà wá jókòó sórí àga tí o jókòó lé yìí, ẹsẹ̀ wọn ń fì, mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Kí ló dé tí tíṣà fi gba ihò mẹ́rin tí èmi gba ọ̀nà mọ́tò?" Wọn kò bínú o. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan wá, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ rí i. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Àbúrò mi, mo rí inú ara mi. Má bẹ̀rẹ̀ sí í bì, n kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí àpò yẹn máa fì lọ́tọ̀, kó ṣeé fọwọ́ gbé. Tèmi? Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ìfun, bí ìgbà tí èèyàn da gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ kọ́là sáàárín aṣọ méjì tó wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń sọ pé n kò ráyè wá sí ilé ìwòsàn ló di gọ́ọ̀mù síbẹ̀. Mo rí i bí irin wọn ṣe kàn án báyìí, gbogbo tẹlifíṣàn pọ́n kuku. Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn! Wọ́n ní páìpù kan wà tó ti ara àpò náà wá, òun ni wọ́n ń wá láti gé. Òmíràn wà nítòsí rẹ̀ tó ti ara ẹ̀dọ̀ wá, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kàn. Tí ibẹ̀ bá ti lẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bò ó, àwọn méjèèjì jọra. Mo ní, "Tí ẹ bá wá ṣèèṣì gé ti ẹ̀dọ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní, "Mà, ó lè jẹ́ pé ẹ ó máa pààrà ilé ìwòsàn títí ayé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ kò ní lè pààrà rẹ̀ mọ́." Ni wọ́n ṣe yọ kámẹ́rà, tí wọ́n là mí, tí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn án, kí wọ́n tó gé e.

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí gbogbo ẹbí fi ń jà, mo ní, "Èwo wá ló léwu jù, ihò ni àbí lílà?" Wọ́n ní kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ihò ló sàn jù, ìrora rẹ̀ kéré, ara ń tètè yá, ojú ọgbẹ́ kì í sábà kẹ̀. Lílà ń dunni, ó ń pẹ́ kó tó jinná, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, ibẹ̀ lè wú síta lọ́jọ́ iwájú, èèyàn a sì máa bẹ̀rù àtimí kanlẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi lè kó àìsàn mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páìpù ẹ̀dọ̀ yẹn, wọ́n ní kì í wọ́pọ̀ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, àmọ́ inú ihò ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ ju ti lílà lọ, torí ojú kámẹ́rà nìkan lèèyàn ń lò. Wọ́n ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ mi, mà, ni kí n má rí ibi tí mò ń gé, kí n sì máa gé e lọ nítorí pé mo ti ṣèlérí ihò fún èèyàn."

Mo gbà pẹ̀lú wọn. Èmi yìí!

Torí o mọ ìwé oníbàárà mi, o mọ̀ ọ́n dáadáa. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí mo bá kọ àyà, tí mo kọ ìbàdí, tí mo kọ gígùn apá, ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí mo máa ń fi ọwọ́ ara mi kọ: "Bí aṣọ kò bá tó, kí n ṣe kí ni?" Ẹni tí kò bá dáhùn rẹ̀, n kì í gba aṣọ rẹ̀. Àwọn kan á ní kí n fi àwọ̀ mìíràn kún un, àwọn kan á ní kí n dín in kù lápá. Ìyàwó ẹ nìkan ló ní rárá, apá gígùn lòun fẹ́, n kò gbọdọ̀ yí nǹkankan padà, tó fi bírò kọ "KÒ SÍ ÀYÍPADÀ" gàdàgbà síbẹ̀. Aṣọ kò tó. Mo ṣe é bó ṣe wí. O rántí ọjọ́ tó wọ̀ ọ́? Kò lè gbé apá sókè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìwọ lo ń gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Ìlà yẹn náà ló wà nínú ìwé dókítà! "Bí kò bá ṣeé ṣe láti inú ihò, mo gbà kí wọ́n la ikùn mi." Ìlà kan péré! Mo kà á, mo mọ irú ìlà tó jẹ́, mo fọwọ́ sí i. Ìwọ gba ìwé olójú ewé mẹ́rin, o gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé ẹ sùn, o gbà kí wọ́n fá irun ikùn ẹ, o gbà kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ẹ́ lọ́fun, gbogbo èyí kò bà ẹ́ lẹ́rù, ìlà tó lè gbà ẹ́ sílẹ̀ nìkan lo rí tí o pa rẹ́. Fọ́tò ikùn mi tó yẹ kí o pa rẹ́, ìyẹn lo fi sílẹ̀!

Ẹ̀n? Kí lo wí? Kí dókítà kọ́kọ́ búra pé ihò nìkan làwọn máa lò, ìgbà náà lo máa fọwọ́ sí i? Ó dára. Jẹ́ kí n bi ìwọ onígbàjámọ̀ léèrè. Ọjọ́ tí bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ, tó ní kí o fi abẹ fá a kodoro, tí ọmọ náà ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń ta ẹsẹ̀, ṣé o ń fá a lọ torí bàbá rẹ̀ ti wí? Mo wà níbẹ̀! O gbé abẹ kalẹ̀, o mú sísọ́ọ̀sì. Bàbá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, o na ìka sí ẹnu ọ̀nà, o ní, "Ọ̀gá, tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn." Dókítà náà ti ní kí o lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nìyẹn!

Tún un sọ kí n gbọ́? Kí wọ́n kúkú là á láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọkàn olúkúlùkù lè balẹ̀? Ẹ gbà mí o! Ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ihò nìkan. Nísinsìnyí, lílà nìkan. Ṣé o mọ ohun tí ojú ọgbẹ́ yìí ń fi ojú mi rí? Mo sín lánàá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sín. Mo rí bàbá wa tó ti kú, mo rí ìyá bàbá wa lẹ́yìn wọn, wọ́n ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Ta ló ní kí o lọ tọrọ irú rẹ̀? Tìẹ kò tíì pẹ́ tó tèmi, dókítà fi ẹnu ara wọn sọ pé ó ṣeé ṣe kó gba ihò. Tó bá gba ihò, gba ihò, kí ìwọ náà máa dún kò-kò-kò lọ sílé. Tí kò bá gbà, kí wọ́n là á, kí o wá sùn sí bẹ́ẹ̀dì tíṣà ká jọ máa bú wọn. Èwo ló le nínú ohun tí mo sọ yìí? Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ni kó yàn án nígbà tó bá rí inú ẹ, kì í ṣe ìbátan wa tó ń ta táyà!

Kí ló dé?

Kí lo di mú? Ìhà yẹn náà ni? Mí. Díẹ̀díẹ̀, gba ẹnu mí. Fi orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Òógùn ti bò ẹ́, wo ọrùn ẹ. Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì? Ó ń lọ? Ó ti ń lọ. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gbẹ́ni tó ń lọ sílé. Báàgì dà? Ọ̀gbẹ́ni kò tíì rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn! Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú oṣù yìí nìyẹn, wọ́n sì ti sọ fún ẹ níwájú mi pé àpò náà ti wú, pé tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè bẹ́ sínú. Níbo lo fẹ́ wà tó bá bẹ́? Nídìí dígí, pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, lórí èèyàn tí o ti fá ìlàjì orí rẹ̀? Má pa mí lẹ́kún o. Má pa mí lẹ́kún, èmi kọ́ ló máa bá ìyàwó ẹ tọ́ ọmọ yín.

Ẹ̀n? Sọ ọ́ sókè, aṣọ bẹ́ẹ̀dì lo ń bá sọ̀rọ̀.

Wákàtí kan ni wọ́n sọ fún ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí kan ni wọ́n sọ fún èmi náà. O jókòó síta. Wákàtí kan kọjá. Wọ́n gbé tíṣà jáde láti yàrá tí wọ́n ti ń dúró kó jí, ìwọ dìde, o rò pé èmi ni. Èmi kọ́. Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó sáré padà wọlé, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ méjì, o bi í, kò dá ẹ lóhùn. Wákàtí mẹ́rin? Kò sẹ́ni tó jáde wá bá ẹ sọ nǹkankan fún odindi wákàtí mẹ́rin?

O kò sọ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì o wá, mo la ẹnu sílẹ̀, n kò mira, o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta n kò dáhùn. O ká aṣọ sókè kí o lè wò ó bóyá ikùn mi ń lọ ń bọ̀. Kì í ṣe kí o lè ya fọ́tò. Ó ń lọ ń bọ̀, o wá rí ọgbẹ́, inú bí ẹ. Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀hẹ́n. Ó ti yé mi. O rò pé tí wọ́n bá ti là á, ohun tó ń tẹ̀ lé e nìyẹn, kí èèyàn jókòó síta kó máa ka táìsì ilẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa sáré kọjá níwájú rẹ̀. O kò fẹ́ kí ìyàwó ẹ jókòó síbẹ̀.

Wá. Sún mọ́ mi. Má sunkún sórí ọgbẹ́ mi, iyọ̀ wà nínú ẹkún! Gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí. Ṣé o rí i, mo wà láàyè, mò ń bú ẹ láti ìgbà tí o ti wọlé, òkú kì í bú èèyàn pẹ́ tó báyìí. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ níta yẹn kò dáa, mo máa sọ ọ́ sí wọn lójú, mo máa sọ ọ́ títí ẹsẹ̀ wọn á fi kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ kọ́ ló máa jókòó síbẹ̀ lọ́la. Èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi, tòun ti rọ́bà mi, tòun ti pílò mi, nọ́ọ̀sì ló máa fi kẹ̀kẹ́ tì mí lọ, tí kò bá sì tì mí, mo máa rákò lọ. Mo ti sọ ọ́.

Gba bírò. Àyè ìfọwọ́sí nìyẹn, nísàlẹ̀. Má ṣe bí ẹni tó ń ronú, fi ọwọ́ sí i. Ó tó, gbé e wá. Kí tún ni? Kí lò ń kọ? Mo ní kí o fọwọ́ sí i, n kò ní kí o kọ lẹ́tà! Ìwọ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ tó dà bí irun tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ. Mú un wá. Gbé gíláàsì mi fún mi.

"Bí kò bá ṣeé ṣe láti inú ihò, mo gbà kí wọ́n la ikùn mi." Ó dára, ìlà yẹn wà níbẹ̀. Kí lo wá fi kún un nísàlẹ̀ yìí? "Ṣùgbọ́n kí ẹ tó là mí, kí ẹnì kan kọ́kọ́ jáde lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa wà lórí àga níta. Ara rẹ̀ kò tíì yá."

Ọmọ ìyá mi.

Yí ojú kúrò lára mi jàre, gíláàsì yìí ló dọ̀tí. Fi ọwọ́ sí abẹ́ ìyẹn náà, kí wọ́n má bàa ní ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. Bọ́ bàtà ẹ. Gòkè padà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ, má jẹ nǹkankan, má mu nǹkankan, má bá ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù sọ̀rọ̀. Mo sì ń sọ fún ẹ, tí o bá lọ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́la, Ọlọ́run ló gbọ́, mo máa pa ẹ́. Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré, ẹ bá mi mú ìwé yìí lé dókítà bá kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù kejì, ẹ ní ó ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ẹ sì sọ fún wọn pé ìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́!